Béèsì Yín, Béèsì Mi, àti Etí Màámi

Bàámi ọ̀wọ́n, onígìtá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bá mi gbé ìwé yìí dé ibi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ gìtá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Màámi tí kò ní wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dà rú. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Màámi ń sùn lórí àga gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí n lè tètè mọ̀ bó bá fẹ́ dìde.

Ilé ò yí padà púpọ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti kó lọ sí Ìkòròdú. Àǹtí Ṣadé aránṣọ ṣì wà níwájú ilé, ó ṣì ń fi ẹnu di abẹ́rẹ́ mú bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Òjò ọdún yìí pọ̀ débi pé ògiri yàrá yín ti bu ní igun kan. Mo fọ̀ ọ́, ó tún bu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti gìtá, torí òun ló rọrùn díẹ̀.

Gìtá béèsì yín ṣì wà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹ máa ń gbé e kọ́ sí ló ṣì wà, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ fi ń nù ún. Àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n bí obì ti ṣí níbi tí apá yín máa ń sinmi lé, igi ti yọjú síta. Okùn tí ẹ fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ẹ kì í pààrọ̀ okùn. Ẹ gbà pé ariwo lokùn tuntun ń pa, àfi kí òógùn ọwọ́ ènìyàn wọ inú rẹ̀ kó tó gbọ́n. Mo ṣì ń rí yín láàárọ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ ò ní so ó mọ́ sípíkà, ẹ máa tẹ àgbọ̀n yín mọ́ èjìká gìtá, ẹ máa dijú, kí ohùn rẹ̀ lè gba inú egungun wọ inú orí yín. Tíì yín á tutù. Màámi á máa kùn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé tèmi wálé? Okùn márùn-ún, bátìrì nínú ikùn, kò tiẹ̀ wúwo tó ìdajì tiyín. Mo gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ ta á díẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ wo ibi tí bátìrì wà bí ẹni ń wo ìdí ọmọ tuntun, ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. "Ó mọ́," lẹ wí. Ó tán. Ẹ ò tún fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹ fi lọ. Ṣé ìyìn ni, Bàámi, àbí ẹ ò kàn fẹ́ já mi kulẹ̀?

Òótọ́ ni, ó mọ́. Bí mo bá fi ìka kan okùn tèmi, ohùn rẹ̀ á jáde lódidi, gbìn-ìn-ìn, á dúró pẹ́ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, gbogbo ibi tí ìka bá ti ra okùn á sì hàn sí gbogbo ayé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yábàá, bí kíbọ́ọ̀dù àti ìlù bá ń lọ, tí àwọn akọrin gbé ohùn sókè, tèmi kì í sọnù láàárín wọn. Tiyín máa ń sọnù. Mo gbé e lọ rí, ọkùnrin tó ń mójú tó sípíkà wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti tan kinní náà. Tiyín kì í dúró. Á dún "gbù", á wọlẹ̀. Ó dà bí ọmọ odó tó ń sọ̀ sínú iyán tó ti ń kúnná, tèmi sì dà bí ọmọ odó tó ń kan ìdí odó òfìfo. Bí ènìyàn bá jókòó síwájú sípíkà, tèmi ló máa mú. Ṣùgbọ́n bó bá lọ dúró sí ilé ìdáná, tí ògiri wà láàárín, tiyín nìkan ló máa bá a débẹ̀.

Ẹ̀yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ kúkú ni Màámi ti gbọ́ yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ń sọ ìtàn náà fún mi, oníkálukú pẹ̀lú irọ́ tirẹ̀. Ó ń ta mínírà tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti ń ta gìtá fún àwọn oníjó ní Súrùlérè. Kò lè wọlé. Ògiri dá fèrè dúró, ó dá ohùn olórin dúró, béèsì nìkan ló ń kọjá wá bá a, tó ń mi àwọn ìgò inú omi yìnyín rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ti mọ ìgbà tí inú ẹni tó ń ta á dùn, òun sì mọ ìgbà tí ebi ń pa á, kí òun tó rí ojú rẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹ wá jáde wá ra mínírà, ó ní òun ò wo ojú yín. Ìka yín lòun wò.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ wàyí.

Ṣé lẹ́yìn tí ẹ lọ tán ló bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú tí ẹ ń bá a bò ó mọ́ mi lójú? Ó kọ́kọ́ ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tún fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó yá ó ń pè mí ní Bísí, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. A fi ṣẹ̀rín, torí mo jọ Àǹtí Bísí lóòótọ́. Lẹ́yìn náà a ò fi ṣẹ̀rín mọ́. Dókítà ní ọpọlọ ló ń sá díẹ̀díẹ̀, pé oògùn lè mú un fẹsẹ̀ falẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè dá a padà. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ máa ṣú, ara Màámi kì í balẹ̀. Á wé gèlè, á gbé báàgì, á ní òun ń lọ sílé. Bí mo bá ní ilé nìyí, á wo ògiri yíká, á mi orí bí ẹni tí wọ́n ń pa irọ́ tí kò dùn fún.

Lọ́jọ́ kan, mo wà níbi iṣẹ́, ó jáde. Àǹtí Ṣadé rí i, ó kí i, ó rò pé títì ló fẹ́ dé. Fóònù Màámi ló pè mí, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni, ní gárèèjì Ìdó. Ó ní màmá kan jókòó sínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun ń kó èrò sí, pé nígbà tí òun béèrè owó ọkọ̀, màmá ní ọkọ òun ló máa san án, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Báwo ló ṣe ti Ìtirẹ́ dé Ìdó? Títí di òní mi ò mọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó wà láàárín àwọn èrò, báàgì lórí itan, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

"Bísí! O pẹ́ o. Mo ti gba àyè sílẹ̀ fún ẹ."

Ó fi ọwọ́ gbá àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó tì í. Kí ni ǹ bá ṣe? Bàámi, mo jókòó síbẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń wo iwájú bí ẹni tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́.

"Sìsítà mi," dẹ́rẹ́bà náà rọra sọ láti ojú fèrèsé, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mọ́tò ti kún."

Mo parọ́ fún Màámi pé a gbàgbé nǹkan sílé. Bí mo ṣe mú un sọ̀ nìyẹn.

A délé, kò jókòó. Ó ń rìn láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé, báàgì lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, ni mo bá gbé béèsì yín kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo so ó mọ́ sípíkà kékeré, mo ta ìlà orin tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi, èyí tó ń lọ sókè díẹ̀ tó tún ń padà wálẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mi ò tí ì yí i po tán tí Màámi fi dúró. Ó gbé báàgì sílẹ̀.

"Bísí, sọ fún wọn kí wọ́n rọra ta á," ó ní. "Ọmọ ń sùn."

Èmi lọmọ náà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó jókòó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ta béèsì yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mi ò ta á dáadáa bíi tiyín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò bìkítà nípa èmi. Á wọlẹ̀, á gba abẹ́ àga lọ bá a. Nígbà mìíràn á bi mí bóyá wọ́n ti jẹun. Nígbà mìíràn á kùn pé gìtá yìí ló máa gba ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ òun. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Ṣé ó yẹ kí n máa tún un sọ pé ẹ ti kú? Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mi ò tún dán an wò mọ́.

Òjò ló bà á jẹ́. Ọ̀rinrin tó wọ ògiri yín wọ igi gìtá náà. Ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, okùn ń jìnnà sí igi, ìka ń dùn mí kí n tó lè tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fa okùn rẹ̀ bọ̀ sípò, ó dún gbàà! Orí rẹ̀ là kúrò lára ọrùn, okùn sì dẹ̀ sílẹ̀ bí irun. Màámi gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n ti lọ ni?" ó ní.

Mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì yín wé orí tó là náà.

Mo gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n Wásíù tó ń tún gìtá ṣe ní Ìdí-Òrò ní Múṣìn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò wọ́ ibi tó là.

"Àbúrò mi, ọrùn yìí ti jìyà o. Mo lè lẹ̀ ẹ́. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ẹ, mi ò mọ bó ṣe máa dún."

"Ìgbà wo ló máa yá, Ẹ̀gbọ́n?"

"Nínú òjò yìí? Jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ ná. Tí mo bá kánjú, á tún là, kò sì ní ṣeé lẹ̀ mọ́."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Wọ́n ní igi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo so tèmi mọ́ sípíkà. Ìlà orin kan náà, ọwọ́ kan náà. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Ta ló ń kan irin nínú ilé mi?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gèlè.

Bàámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má sọ pé nǹkan ò ṣeé ṣe tí mi ò bá tíì gbìyànjú. Mo gbìyànjú. Mo yọ okùn tó wà lórí tèmi, mo wá èyí tí ara rẹ̀ ń dán bíi tiyín, tí kì í họ nígbà tí ìka bá ń rìn. Mo yí gbogbo ohùn tó mú wálẹ̀, ó ku èyí tó rẹlẹ̀ nìkan. Mo gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, mo tì í bọ abẹ́ okùn ní ìdí gìtá, kí ohùn má baà pẹ́ lẹ́nu. Mo fi àtàǹpàkò ta á dípò ìka. Mo gbé sípíkà lọ sí ilé ìdáná kí ògiri lè wà láàárín àwa àti ohùn náà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń yí nǹkan kan, tí mo ń yọjú wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ó jọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wé gèlè rẹ̀.

Ohùn béèsì yín wà nínú fóònù mi, èyí tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìbí yín tó kẹ́yìn. Mo fi sí i létí, ó ní ta ni wọ́n tì mọ́nú kinní kékeré yìí, kí n tètè ṣílẹ̀kùn fún un. Ni mo bá gba tèmi náà sílẹ̀, mo dijú, mo ń gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Bàámi, mi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Etí mi tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́, kò mọ èwo ni tiyín. Òun tí kò mọ ọmọ tó bí mọ́, òun mọ̀ ọ́n.

Títì ni mo wá ń tilẹ̀kùn. Mo máa ń fẹ̀yìn tì í. Á dúró níwájú mi pẹ̀lú báàgì rẹ̀, á wò mí.

"Bísí, kí ni mo fi ṣe ẹ́ tí o fi tì mí mọ́lé?"

Kí ni ọmọ ń sọ sí irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ ò kọ́ mi níyẹn.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Wásíù pè mí pé ó ti yá, mi ò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àpá rẹ̀ hàn bí ojú abẹ, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo ta á nínú ṣọ́ọ̀bù wọn láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkùnrin tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbù. Ó wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Wásíù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ò gbà pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé e mọ́ àyà nínú kẹ̀kẹ́ láti Múṣìn dé ilé bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró de ìrọ̀lẹ́.

Àǹtí Ṣadé wà lọ́dọ̀ Màámi, ó ń bá a tún etí bùbá rẹ̀ rán. Mo kí wọn, mo so gìtá mọ́ sípíkà, mo bẹ̀rẹ̀. Bàámi, ohùn náà pé. Mo lè búra. Ṣíbí inú ife orí tábìlì ń gbọ̀n rírì. Ibi tí ẹ máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, mo fà á sẹ́yìn. Màámi gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò mí, kò mira. Kò kùn. Kò bi mí bóyá wọ́n ti jẹun. Mo rò pé ó ń padà bọ̀. Mo ta á dé ìparí, mo tún ta á.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ ṣeun o," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ yín dùn púpọ̀."

Ẹ. Bàámi, ó pè mí ní ẹ. Ìyá mi tó bí mi. Èmi tó yẹ kó pè ní ìwọ títí ayé, kódà bí mo bá hu ewú. Ó tilẹ̀ tẹrí ba díẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe fún àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Bísí tí mo ń bínú sí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá a lójú Màámi, mi ò rí i. Àǹtí Ṣadé gbójú sí bùbá tó ń rán, kò gbé e sókè mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

"Ẹ ṣeun, mà," mo ní.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá. Kì í wé gèlè ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Kì í gbé báàgì. Ibi tí a bá fi í sí náà ló ń jókòó sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa, wọ́n ní ara ìyá ti balẹ̀, pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Mo ṣe àmín. Dókítà sì ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìtura, pé àìsàn ló ń rìn lọ síwájú. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí báyìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Ṣé ẹ lè gbà gbọ́ pé àárò ìjà wa lẹ́nu ilẹ̀kùn ń sọ mí? Ó ní ibi tó ń lọ nígbà náà. Ẹ̀yin ló ń lọ bá.

Mo ṣì ń ta gìtá fún un. Lọ́jọ́ mìíràn tiyín, lọ́jọ́ mìíràn tèmi, èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọwọ́. Mo ti yọ fóòmù náà dànù. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún méjèèjì bákan náà.

Ó ku ohun kan tí mi ò tí ì sọ fún yín nípa ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wà lórí eékún, ó bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi ní gìtá.

"Bàbá mi ni, mà," mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ bá mi kí wọn," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́ ọ, ó sì dùn."

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Mo ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà jẹ́ ẹ, ni mo ṣe mú bírò lónìí. Màámi kí yín, Bàámi. Ó ní òun gbọ́ ọ. Ó ní ó dùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín jù bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.